Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọnà-Èdè àti Àròkọ Alárìíyànjiyàn Nínú Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Ọmọ Wa

Bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde ní ọ̀sán, ẹni tí ó bá dúró sí abẹ́ afárá Dọ́pẹ̀mú, ní agbègbè Agége, yóò gbọ́ ẹ̀kọ́ ọnà-èdè lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin tí ó ń ta búrẹ́dì yóò sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé búrẹ́dì òun rọ̀ bí òwú. Arìnrìn-àjò kan yóò bínú pé láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni òun ti ń dúró de ọkọ̀. Òmíràn yóò bi ọmọ ọkọ̀ léèrè pé ṣé ọ̀run ni kí òun ti lọ mú ṣéńjì wá ni. Ọmọ ọkọ̀ tí ó ń pe Ìyànà-Ìpájà yóò búra pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó kù kí ọkọ̀ òun kún, bẹ́ẹ̀ ni àyè mẹ́rin ṣì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Láàrin gbogbo wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ aṣọ ilé ìwé dúró sí, tí ó ń gbọ́, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo rẹ̀ sì yé e yékéyéké.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó, kí ó sì béèrè irú ọnà-èdè tí ó wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà yóò dákẹ́. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Ohun tí ó ti ń gbọ́ láti kékeré ni a fi orúkọ àjèjì pè, kò sì dá a mọ̀ mọ́. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé àwọn orúkọ wọ̀nyí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alágbàtọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí a sì fi hàn pé ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí kò jìnnà sí ilé wa rárá.

Ohun tí ìdánwò ń béèrè

Àjọ tí ó ń ṣe ìdánwò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí WAEC, ti wà láti ọdún 1952. Nínú ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, ìwé ìdánwò mẹ́ta ni ó wà fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé kejì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ọ̀kan nínú àkòrí àròkọ márùn-ún, yóò sì kọ ohun tí kò dín ní 450 ọ̀rọ̀ lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni yóò ka àyọkà, tí yóò dáhùn ìbéèrè, tí yóò sì ṣe àkékúrú òmíràn.

Máàkì 50 ni ó wà fún àròkọ náà, báyìí sì ni wọ́n ṣe pín in: 10 fún àkóónú, 10 fún ètò, 20 fún bí a ṣe lo èdè, àti 10 fún ìṣedéédéé gírámà àti akọtọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ ńláńlá ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ṣe ń to èrò tẹ̀léra yóò pàdánù lára máàkì ètò. Ọmọ tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ ṣùgbọ́n tí kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ yóò pàdánù lára máàkì àkóónú.

Nínú àyọkà, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fa gbólóhùn kan yọ, kí wọ́n sì béèrè orúkọ ọnà-èdè tí ó wà nínú rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó ń kọ́ Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní iṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nínú ìbéèrè 50 tí ó wà nínú ìwé kìn-ín-ní wọn, 20 dá lórí ìmọ̀ gbogboogbò nípa lítíréṣọ̀, níbi tí àwọn orúkọ wọ̀nyí pọ̀ sí. Nínú ìdánwò JAMB pẹ̀lú, kò sí ẹni tí kò ní ṣe Ìlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà ṣe ìmọ̀ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó a máa san owó ìdánwò WAEC fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ìpele àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan ti lọ nìyẹn, àpò òbí sì ni owó ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì yóò ti jáde. Òbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ní Ọ̀gbà tàbí ní òpópónà Ọba Akran, tí ó ń fi owó oṣù bọ́ ilé, mọ ohun tí ọdún kan jẹ́ nínú ìgbésí ayé ọmọ.

Ọnà-èdè: orúkọ ni ó jẹ́ tuntun

Púpọ̀ nínú orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọnà-èdè kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ni wọ́n ti yá wọn. Nítorí náà, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ní láti kọ́ wọn. Bí a bá mọ ìtumọ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣòro láti rántí mọ́.

Simile ni àfiwé tààrà. Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ó jọra. Ẹni tí ó sọ pé búrẹ́dì rọ̀ bí òwú, tàbí pé aṣọ dúdú bí kóró iṣin, ti lo simile. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni atọ́ka tí ó so nǹkan méjèèjì pọ̀: "bí" tàbí "bíi" nínú Yorùbá, "like" tàbí "as" nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Metaphor ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè Gíríìkì ni gbígbé nǹkan kọjá láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí a bá sọ pé "Ìjàpá ni ọkùnrin yẹn", a ti gbé ìwà ọgbọ́n àrékérekè kúrò lára ìjàpá, a sì ti gbé e wọ ọkùnrin náà, láìlo "bí". Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọ́n ń fi metaphor pe simile. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá atọ́ka náà kí wọ́n tó dáhùn.

Personification ni ìfohunpènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà "person", tí í ṣe ènìyàn, wà nínú orúkọ rẹ̀ gbangba. Bí oníṣòwò bá sọ pé ọjà ti kọ ẹ̀yìn sí òun, ó ti fún ọjà ní ẹ̀yìn tí ènìyàn nìkan máa ń kọ sí ẹni tí ó bá ń bá ṣe ọ̀tá.

Hyperbole ni àsọdùn. Jíju nǹkan kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dé ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì. Ẹni tí ó sọ pé láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni òun ti ń dúró de ọkọ̀ kò purọ́. Ó mọ̀ pé a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ó fẹ́ kí a mọ̀ ni bí ó ti rẹ òun tó.

Euphemism ni àdàpè. Ọ̀rọ̀ rere ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀yà tí ó mọ èyí ju Yorùbá lọ. A kì í sọ pé ọba kú, a ó ní ọba wàjà. Òwe wa tilẹ̀ ti kìlọ̀ pé "ọmọ mi ń fẹ́wọ́", àdàpè olè ni.

Irony ni ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ òdìkejì ohun tí ẹnu sọ. Bí ọmọ bá da ọbẹ̀ nù, tí ìyá rẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu, tí ó ní, "O káre, o ṣeun gan-an ni", ọmọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ìyìn. Ẹ̀kọ́ irony ni ó gbà yẹn, kí ó tó mọ Á-Bí-Dì.

Rhetorical question ni ìbéèrè pèsìjẹ. Ẹni tí ó bi ọmọ ọkọ̀ bóyá ọ̀run ni kí òun ti mú ṣéńjì wá kò retí kí ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mímọ orúkọ nìkan kò tó. Ìdáhùn tí ó kún ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: orúkọ ọnà-èdè náà, ọ̀rọ̀ tí ó fi í hàn, àti iṣẹ́ tí ó ṣe nínú gbólóhùn. Ẹ jẹ́ kí á mú gbólóhùn yìí: "The factory coughed smoke over the sleeping street." Orúkọ rẹ̀ ni personification. Ọ̀rọ̀ tí ó fi í hàn ni "coughed", nítorí pé ènìyàn ni ó ń húkọ́, àti "sleeping", nítorí pé òpópónà kì í sùn. Iṣẹ́ tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí á rí ilé iṣẹ́ náà bí aláìsàn tí ó ń kó àìsàn ran àwọn tí kò fura. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní bẹ̀rù ìbéèrè tí ó bá wá ẹyọ kan péré.

Orúkọ tí ó jẹ mọ́ ìtàn àti eré

Nínú ìtàn àròsọ, setting ni ibùdó ìtàn, ìyẹn ibi àti àkókò tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Character ni ẹ̀dá ìtàn, protagonist sì ni olú ẹ̀dá ìtàn. Plot ni àhunpọ̀ ìtàn: kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìkan, bí kò ṣe bí ọ̀kan ṣe fa èkejì. Conflict ni ìforígbárí tí ó ń ti ìtàn síwájú. Theme ni kókó tí ìtàn náà dá lé lórí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí a bá ní kí wọ́n sọ theme. Ọmọ tí a ti pa àlọ́ fún kò yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn àlọ́ ni a máa ń béèrè pé, "Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni ó sún mọ́ theme jù lọ.

Èyí tí ó máa ń dà wọ́n láàmú jù ni dramatic irony. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tí ó ń wo eré mọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn kò mọ̀. Kò sí àpẹẹrẹ tí ó dára tó eré tí Ọlá Rótìmí kọ, The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968. Ìtàn Oedipus tí Sophocles ará Gíríìkì kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó ọdún sẹ́yìn ni Rótìmí mú wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà ni a ti sọ fún àwọn òǹwòran pé ọmọ tí a bí yìí yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Nígbà tí ó wá di ọba Kútújẹ̀, tí ó dìde pẹ̀lú ìbínú pé òun yóò wá ẹni tí ó pa ọba àná, òun yóò sì fi ìyà jẹ ẹ́, gbogbo ẹni tí ó jókòó ni ó mọ̀ pé ara rẹ̀ ni ó ń ṣépè fún. Òun nìkan ni kò mọ̀. Ìyẹn ni dramatic irony. Ẹni tí ó bá ti wo eré náà lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́.

Àròkọ alárìíyànjiyàn: ẹjọ́ ni, kì í ṣe ìjà

A kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe já àgbà ní koro. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bá ní kí wọ́n kọ àròkọ alárìíyànjiyàn, àwọn kan a rò pé ìwà àfojúdi ni a ń kọ́ wọn, wọn a sì fi ìbẹ̀rù sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń tọrọ àforíjì. Àwọn mìíràn a rò pé ìjà ni, wọn a sì máa bú ẹni tí kò sí níbẹ̀. Méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni a ń bá jà, kì í ṣe ènìyàn. Ohun tí àròkọ yìí jọ jù lọ ni ẹjọ́ ní ààfin tàbí ní ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìdílé, níbi tí olúkúlùkù ti ń ro ẹjọ́ tirẹ̀, tí a sì ń béèrè ẹ̀rí.

Orúkọ márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ̀. Claim ni ohun tí a sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Reason ni ìdí tí a fi sọ ọ́. Evidence ni ẹ̀rí tí ẹlòmíràn lè wò fúnra rẹ̀. Counter-argument ni ohun tí alátakò yóò sọ. Rebuttal ni èsì tí a fún un. Ọmọ ọkọ̀ tí ó búra lábẹ́ afárá pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó kù ti ṣe claim. Èrò tí ó bẹjú wo inú ọkọ̀, tí ó sì ka àyè mẹ́rin tí ó ṣófo, ti mú evidence jáde. Ìbúra kò lè borí àyè tí a kà.

Ẹ jẹ́ kí á fi àkòrí kan tí ó kan agbègbè wa gan-an ṣe àpẹẹrẹ: "Ó yẹ kí á kó àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kúrò láàrin ibùgbé ènìyàn." Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láti Dọ́pẹ̀mú dé Ọ̀gbà àti Agídíńgbí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròsọ.

Ẹni tí ó gbà pẹ̀lú àkòrí náà lè sọ pé ariwo ẹ̀rọ òru àti èéfín ń pa ìlera àwọn ọmọdé lára. Claim àti reason ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rí ńkọ́? Bí ó bá kọ pé, "Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀", kò tíì mú ẹ̀rí wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣàpèjúwe bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń to sí etí títì ní àkókò tí àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ìwé, àti bí ìyẹn ṣe ń lé wọn sí ojú ọ̀nà ọkọ̀, ó ti sọ ohun tí a lè lọ wò.

Ẹni tí kò gbà lè rán wa létí pé kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Yóò ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wá kọ́lé sí itòsí nítorí pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, àti pé bí ilé iṣẹ́ bá lọ, owó ọkọ̀ ni yóò jẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ tán. Ẹ̀rí gidi ni èyí pẹ̀lú.

Ibí yìí ni àròkọ tí ó dára ti ń yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Òwe wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ìdí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, tí kò sì mẹ́nu kan ẹ̀gbẹ́ kejì rárá, ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Kí ó sọ ohun tí alátakò yóò sọ, kí ó sọ ọ́ dáadáa bí ẹni tí ó gbà á gbọ́, kí ó gba èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀, kí ó tó fèsì. Bí àpẹẹrẹ: "Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ ilé, òótọ́ sì ni pé àwọn òṣìṣẹ́ nílò iṣẹ́ ní itòsí. Ṣùgbọ́n a lè ya ọ̀nà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sọ́tọ̀, a sì lè fi òté lé ariwo òru, kí iṣẹ́ má baà lọ, kí ìlera má sì bàjẹ́." Ẹni tí ó kọ báyìí ti fi hàn pé òun ronú.

Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì tí ó gbé ayé ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, sọ pé ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń yí ènìyàn lọ́kàn padà. Ethos ni ìwà olùsọ̀rọ̀, tí ó ń jẹ́ kí á gbà á gbọ́. Pathos ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà rú sókè nínú ọkàn ẹni tí ó ń gbọ́. Logos ni ọgbọ́n tí ó so ìdí mọ́ ìdí. Àwọn àgbà wa mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ júbà kí wọ́n tó rojọ́, tí wọ́n sì máa ń pe ẹlẹ́rìí kí wọ́n tó jókòó.

Ibi tí ọ̀nà Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti pínyà

A kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí pé ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ yóò kọsẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́.

Èkíní ni òwe. Nínú àwùjọ Yorùbá, òwe tí ó bá bọ́ sí ibi tí ó yẹ lè parí ẹjọ́. Ẹ̀rí ni, nítorí pé ọgbọ́n àwọn tí ó ti kọjá lọ ni ó gbé e dúró. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ń máàkì kò ní gba òwe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Yóò kà á sí ọnà tí a fi ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lo òwe tí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó fi ìdí àti àpẹẹrẹ tì í lẹ́yìn.

Èkejì ni ibi tí kókó ọ̀rọ̀ ń wà. Àgbà Yorùbá lè rìn yí ọ̀rọ̀ ká kí ó tó dé ojú rẹ̀, ẹwà ni ó sì jẹ́. Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ kí ẹni tí ó ń kọ ọ́ sọ ibi tí ó dúró sí ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní thesis statement, kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀ lé e sì ní gbólóhùn kan tí ó gbé kókó ìpínrọ̀ náà jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní topic sentence. Ìpínrọ̀ kan, kókó kan.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àkọ́sórí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń kí alága, àwọn adájọ́, olùtọ́jú àkókò àti àwọn akẹgbẹ́ wọn nígbà ìjiyàn, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n sọ láìmí. Kò burú. Bí àkòrí bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ níbi ìjiyàn, irú ìkíni bẹ́ẹ̀ yẹ. Bí lẹ́tà sí olóòtú ìwé ìròyìn bá sì ni wọ́n ní kí wọ́n kọ, kò sí alága tàbí adájọ́ kankan níbẹ̀. Kí wọ́n ka àkòrí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi bírò kan ìwé.

Ohun tí ilé lè ṣe

Àwọn òbí kan a máa sọ pé àwọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó láti ran ọmọ lọ́wọ́. Ìrírí kò fara mọ́ èyí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó bá ti yé ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀ kì í pẹ́ yé e ní èdè kejì.

Àwọn onímọ̀ èdè wa náà kò sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ni olóòtú àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, níbi tí wọ́n ti kó orúkọ Yorùbá jọ fún irú àwọn ohun tí a ń sọ yìí. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní oṣù kejì ọdún 2018 láti dáàbò bo èdè Yorùbá sì sọ ọ́ di ọ̀ranyàn kí a máa kọ́ Yorùbá ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ yìí. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ àfiwé tààrà nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ọjọ́ Ajé lè lò ó nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí àwọn olùkọ́ méjèèjì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Fún ẹ̀yin òbí, àwọn ohun tí a dámọ̀ràn nìyí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ní ìwé kékeré kan tí ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta: orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Yorùbá, àti gbólóhùn kan tí ó gbọ́ ní ilé tàbí ní àdúgbò ní ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́ ti tó. Bí ẹ bá pa òwe, tàbí tí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ tí ó ní ẹ̀yìn, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ bi í pé, "Kí ni wọ́n ń pe ohun tí mo sọ yẹn ní ilé ìwé yín?" Òbí tí iṣẹ́ alẹ́ ń mú jáde lè béèrè nígbà tí wọ́n bá ń jẹun àárọ̀.

Fún àròkọ alárìíyànjiyàn, ẹ gba ọmọ láàyè láti ro ẹjọ́ nínú ilé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ẹ ra nǹkan fún òun, tàbí kí ẹ jẹ́ kí òun lọ sí ibì kan, ẹ ní kí ó sọ ìdí méjì, kí ó mú ẹ̀rí kan wá, kí ó sì sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín yóò sọ pé ó burú níbẹ̀ kí ó tó fèsì. Ẹ lè sọ pé rárá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀bẹ̀, ìjà àti àríyànjiyàn, èyí tí kò ní gbàgbé nínú yàrá ìdánwò.

Àǹfààní rẹ̀ kò parí sí yàrá ìdánwò. Ọmọ tí ó mọ àdàpè yóò dá a mọ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ bá kọ̀wé sí i pé wọ́n fẹ́ "tún ètò òṣìṣẹ́ ṣe", tí ó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ dá ènìyàn dúró ni. Ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin claim àti evidence kò ní fi ìròyìn tí kò ní ìdí ráńṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí fóònù. Ọmọ tí ó mọ bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì lè jókòó nínú ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò, kí ó sì ran ìlú lọ́wọ́.

A rọ gbogbo òbí, alágbàtọ́ àti olùkọ́ ní Agége, Ìkẹjà, Alímọ̀ṣọ́ àti ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí. Kò gba owó. Ìwé kékeré kan, bírò kan, àti etí tí ó ń gbọ́ ohun tí a ń sọ nínú ilé ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.